Òfin àyẹ̀wò bíìlì Medicaid ní New York: ibi tó ti dáa, ibi tó ti ń gbowó lọ́wọ́ ẹni

Ilé-iṣẹ́ tó bá ń rán olùtọ́jú lọ sílé àwọn àgbà àti aláìsàn ní New York, tó sì ń gba owó Medicaid, ètò ìlera tí ìjọba ń sanwó rẹ̀ fún àwọn tí owó wọn kò tó, ti gbà pé ìjọba lè tú ìwé òun wò. OMIG (Office of the Medicaid Inspector General) ló ń ṣe é, ọ́fíìsì tí ìpínlẹ̀ náà dá sílẹ̀ lọ́dún 2006 láti máa ṣọ́ owó yìí. Òfin tó ń lò wà nínú 18 NYCRR, ìwé àkójọ òfin àwọn ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ náà: Apá 517 fún àyẹ̀wò, 518 fún gbígba owó padà, 519 fún ìgbẹ́jọ́. A yẹ̀ ẹ́ wò bí wọ́n ṣe ń yẹ ọjà wò kí wọ́n tó sanwó.

Ohun tó dáa jù nínú rẹ̀ ni ìwé ìlànà tí OMIG ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún oríṣi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ilé oògùn lọ́tọ̀, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn lọ́tọ̀, ìtọ́jú nílé lọ́tọ̀. Àṣìṣe tí wọ́n máa wá àti òfin tó so mọ́ ọn wà níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ìdánwò tí wọ́n ti fi ìbéèrè rẹ̀ síta ni. Àwọn tó ń fìdí rẹmi níbẹ̀ máa ń rò pé ìtọ́jú ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò. Ìwé ni wọ́n ń yẹ̀ wò o. Olùtọ́jú lè wẹ̀ fún aláìsàn, kó bọ́ ọ, kó má sì jí ìṣẹ́jú kan. Bí ìwé àyẹ̀wò ara tó yẹ kí olùtọ́jú náà ṣe lọ́dọọdún kò bá sí nínú fáìlì, owó ọjọ́ yẹn lè lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀kọ́ ọdọọdún: wákàtí 12 fún home health aide (olùtọ́jú tó ń ṣe àwọn iṣẹ́ ìlera kéékèèké nílé), wákàtí 6 fún personal care aide (ẹni tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti wẹ̀, wọṣọ àti jẹun). Àṣẹ dókítà tí kò ní ìbuwọ́lùwé ń já ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kulẹ̀. Wákàtí orí bíìlì tó ju ti orí ìwé iṣẹ́ lọ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ EVV tí òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2016 mú wá, tó ń jẹ́rìí pé olùtọ́jú dé ilé aláìsàn lóòótọ́, yẹ kó dín ti wákàtí kù, torí pé nǹkan mẹ́fà ló ń kọ sílẹ̀: irú iṣẹ́, ẹni tí wọ́n ṣe é fún, ẹni tó ṣe é, ọjọ́, ibi, àti àkókò tó bẹ̀rẹ̀ sí àkókò tó parí. Ṣùgbọ́n bí olùtọ́jú bá gbàgbé láti tẹ ìparí, tí ọ́fíìsì wá fọwọ́ tún un ṣe láìkọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ojú olùyẹ̀wò máa kọ́kọ́ lọ.

Ìṣirò wọn ló le jù. Wọn kì í sábà ka gbogbo bíìlì. Wọ́n á ṣa díẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà 100, wọ́n á wá fi àṣìṣe inú rẹ̀ wọn gbogbo ìyókù. Ká ní bíìlì 8,000 lẹ gba owó rẹ̀ lásìkò náà, tí 10 nínú 100 tí wọ́n ṣà kò ní àṣẹ dókítà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ $120. Àṣìṣe tó hàn jẹ́ $1,200. Ẹ pín in sí 100, ó di $12 lórí bíìlì kan. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 8,000, ó di $96,000. Ìyẹn ni pé ìwé kan ṣoṣo tó sọnù nínú 100 yẹn jẹ́ $9,600.

Iye méjì ló máa ń wà nínú àbọ̀ wọn: iye àárín, tó jẹ́ $96,000 nínú àpẹẹrẹ wa, àti iye ìsàlẹ̀, tí ìṣirò sọ pé ó dájú tó 95 nínú 100 pé gbèsè náà kò kéré sí i. Tiwa á wà ní nǹkan bíi $48,000. Ẹni tó bá gbà láti parí ọ̀rọ̀, iye ìsàlẹ̀ ló máa san. Ẹni tó bá gba ìgbẹ́jọ́ lọ, iye àárín ni wọ́n máa bèèrè. Lójú tiwa, owó orí iyàn jíjà lèyí, a ò sì fara mọ́ ọn. Òfin tún ní kí adájọ́ ka ìṣirò wọn sí òótọ́, àfi bí ẹ bá mú onímọ̀ ìṣirò wá tako ó, tàbí kí ẹ fúnra yín ka gbogbo bíìlì 8,000 náà.

Ọjọ́ tí òfin fúnni kò dọ́gba rárá. Ọdún 6 ni wọ́n lè padà sẹ́yìn. Bí lẹ́tà ìfilọ̀ bá sì ti dé kí ọdún náà tó pé, aago ti dúró nìyẹn, ẹ ò gbọdọ̀ da ìwé kankan nù. Ẹ̀yin ní 30 ọjọ́ péré láti fèsì sí àbọ̀ ìṣáájú. 60 ọjọ́ wà láti bèèrè ìgbẹ́jọ́ lẹ́yìn àbọ̀ àṣekágbá, òun ló sì ń tan àwọn ènìyàn jẹ: wọ́n á ní àwọn á kó ìwé jọ nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kò bá sọ láàárín 30 ọjọ́ àkọ́kọ́, adájọ́ kò ní gbọ́ ọ mọ́. Ẹrù ẹ̀rí sì wà lọ́rùn yín. Torí náà, ọjọ́ tí lẹ́tà ìfilọ̀ bá dé ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí wá ìwé dókítà kiri, torí pé ọ́fíìsì dókítà kì í yára.

Òfin ìjọba àpapọ̀ fún àwọn agbàṣẹ́ṣe RAC, ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ìpínlẹ̀ ń gbà láti wá owó tó lé, tí wọ́n sì ń gba ìpín nínú ohun tí wọ́n bá rí, rọ̀ díẹ̀: ọdún 3 ni wọ́n ń padà sẹ́yìn bí ìpínlẹ̀ kò bá gba àyè míì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ní dókítà tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní kíkún.

Bí ẹ bá fúnra yín rí owó tó lé, 60 ọjọ́ lẹ ní láti jẹ́wọ́ kí ẹ sì dá a padà. OMIG ní ọ̀nà tó wà fún un, ó sì rọ̀ ju àyẹ̀wò lọ. Ẹ̀sùn jìbìtì nìkan ló yàtọ̀, wọ́n lè dá owó dúró kí ẹ tó gbọ́, kí ìwé ìdí rẹ̀ wá tẹ̀ lé e láàárín ọjọ́ 5, tàbí 30 bí àwọn agbófinró bá bẹ̀bẹ̀. Àwọn tó ń gba owó wọn láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ managed care, ìyẹn ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò tó ń bá Medicaid sanwó ìtọ́jú, ọdún 10 ni kí wọ́n fi tọ́jú ìwé, kì í ṣe 6.