Ìkìlọ̀: Ẹ Ṣọ́ra fún Ọkùnrin tó ń Ta Géèmù Àgbàlagbà Inú Fláàṣì ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tí ẹ máa ń ra géèmù kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò Fọlágbadé ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó ń ta géèmù inú fláàṣì, tó sì ń polówó ara rẹ̀ lórí WhatsApp pé kò sí irú géèmù àgbàlagbà tí òun kò ní. Jìbìtì ló ń lù. Ó gba 18,000 náírà lọ́wọ́ mi lórí géèmù tí ẹni tó ṣe é gan-an ń fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, tí kò sì tíì ṣe é débì kan.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ti máa fi ojú burúkú wò mí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ irú géèmù tó jẹ́. Géèmù tí ènìyàn ti ń ṣe akọni nínú ayé àròsọ ni, tí ọba, idán, iwin àti ogun kún inú rẹ̀. Ẹni tó ti pé ọdún 18 ni wọ́n ṣe é fún, nítorí pé ìhòhò àti ìtàjẹ̀sílẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn ni mo bá lọ. Ẹni tó bá ti ṣe Baldur's Gate 3, tí ilé iṣẹ́ Larian ti Belgium gbé jáde ní 2023, mọ ohun tí mò ń wí: géèmù àgbàlagbà lè ní ìtàn tó jinlẹ̀, kí àwọn ẹni inú rẹ̀ sì máa rántí oore àti ibi tí o ṣe fún wọn. Àgbà ni mí, owó tí mo fòógùn ojú mi wá ni mo ná, n kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé lórí ohun tí mo fi ń najú lẹ́yìn iṣẹ́.

Àwòrán tí ọkùnrin yìí gbé jáde ló fà mí. Ojú ènìyàn tò rẹrẹ lórí rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹni 80 ló wà nínú géèmù náà, pé ìkọ̀ọ̀kan wọn ló ní ìtàn tirẹ̀. Mo bi í léèrè, ẹ gbọ́ o, mo bi í léèrè kí n tó sanwó. Mo ní, "Àbúrò, ṣé odindi ni? Ṣé ó ti parí?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti parí pátápátá. Wọ́n ti lé e kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ mi nìkan ló kù sí." Irọ́ tó bu òótọ́ díẹ̀ là ni. Ní oṣù Keje ọdún 2025, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń bá ni gba owó káàdì lórí íntánẹ́ẹ̀tì fúngun mọ́ Steam àti itch.io, àwọn ibi tí wọ́n ti ń ta géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lóòótọ́. Steam yọ àwọn géèmù àgbàlagbà kan kúrò, itch.io sì fi tirẹ̀ pamọ́ débi pé ènìyàn kò lè wá wọn rí. Mo ti gbọ́ ìròyìn náà tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi wọ̀ mí létí. N kì í ṣe ọmọdé tí wọ́n ń fi ṣúgà tàn. Ẹni tó bá gbọ́ ohun tí mo gbọ́ yóò sanwó gẹ́gẹ́ bí mo ṣe san án.

Mo dúró di ìgbà tí àwọn ọmọ sùn, mo tan jẹnẹrétọ̀ nítorí pé kò sí iná, mo sì ki fláàṣì náà bọ kọ̀ǹpútà. Ìwé kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ní kí n kọ́kọ́ pa ohun tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì. Mo pa á. Láti ìgbà náà ni ìpolówó tẹ́tẹ́ ti ń já lu ojú kọ̀ǹpútà mi láìdá, èyí tí mo fi ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ mi.

Ìbẹ̀rẹ̀ géèmù náà dára, ohun tó sì ń dùn mí jù nìyẹn. Obìnrin jagunjagun kan tó ti dàgbà, tó ń tiro, ló pàdé akọni ní ẹnu ibodè. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ, ó sì ń fi ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan mẹ́nu kan ẹni tó ṣá a lẹ́sẹ̀ láìdárúkọ rẹ̀. Mo ti ń sọ nínú ara mi pé owó yìí kò gbé. A wọ ìlú, mo tẹ alágbẹ̀dẹ kí ó bá mi sọ̀rọ̀: "Ojú ọjọ́ dára lónìí." Mo tẹ àlùfáà: "Ojú ọjọ́ dára lónìí." Mo tẹ ayaba lórí ìtẹ́, ojú ayaba náà sì ni ojú obìnrin tó ń ta ọtí ní ẹnu ọ̀nà ìlú, irun nìkan ni wọ́n pa láró pupa, òun náà ní ojú ọjọ́ dára lónìí! Ẹni 80 tó pariwo rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu nínú wọn kò kún ọwọ́ kan. Nígbà tí a dé etí odò tí ìrìn àjò yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà ṣú, ọ̀rọ̀ kan láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe géèmù náà sì jáde pé a ṣeun tí a ṣe é débẹ̀, kí a jọ̀wọ́ fi owó ran òun lọ́wọ́ lórí Patreon, ibi tí àwọn ènìyàn ti ń dáwó fún ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí òun lè kọ ìyókù. N kò mọ ẹni tó ṣá obìnrin yẹn lẹ́sẹ̀ títí di òní. Ìgbà tí mo padà sí ojú ìwé àkọ́kọ́ ni mo rí nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀ ní igun ìsàlẹ̀, wínníwínní: 0.2, ìyẹn ni pé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ni.

Mo wá ojú ewé ẹni tó ṣe géèmù náà kàn. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń dá a ṣe, ó sì sọ òótọ́ kedere pé iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí rẹ̀, pé àwọn ojú inú àwòrán náà jẹ́ ti àwọn ẹni tí òun ní lọ́kàn láti fi kún un. Ọ̀fẹ́ ni 0.2 náà wà níbẹ̀. N kò bá olúwarẹ̀ jà rárá, kọ́bọ̀ kò dé ọwọ́ rẹ̀ nínú owó mi. Mo jókòó, mo ń bá ara mi wí pé kí ló dé tí n kò wá orúkọ géèmù náà lórí fóònù mi kí n tó fi owó ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo purọ́. Ẹni tí mo bi léèrè tó wo ojú mi, tó ní ó ti parí, òun ló jẹ̀bi.

Mo padà lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì rọra bá a sọ̀rọ̀. Ariwo ló fi dá mi lóhùn, níwájú àwọn oníbàárà: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé géèmù oníhòhò yẹn lẹ fẹ́ dá padà ni? Ṣé kí n pe ìyàwó yín kí wọ́n wá bá wa dá sí i?" Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣáàjì fóònù fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá wọlé. Mo jáde láìgba nǹkan kan.

Ibi tí ọgbọ́n jìbìtì rẹ̀ wà gan-an nìyẹn, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ dì mú. Ó mọ̀ọ́mọ̀ yan ọjà tí ojú yóò ti ẹni tó rà á láti jà fún. Ká ní ìrẹsì ló tà fún mi tí òkúta kún inú rẹ̀, gbogbo Òkè-Àjé ni yóò gbọ́. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní Nàìjíríà sọ pé ọjà tí wọ́n fi àpèjúwe tà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe náà mu, òfin náà kò sì yọ ọjà tó ń ti ni lójú sílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ẹ̀dà géèmù: èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0 sábà máa ń jẹ́ èyí tí kò tíì parí. Ẹ wo ojú ewé ẹni tó ṣe é lórí itch.io, yóò kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá iṣẹ́ ṣì ń lọ. Ẹ má ka ojú inú àwòrán, ẹni tó lè sọ̀rọ̀ ni kí ẹ kà. Bí ó bá wà lórí Steam, ẹ rà á níbẹ̀, nítorí wọ́n máa ń dá owó padà láàárín ọjọ́ 14 bí ẹ kò bá tíì lò ó ju wákàtí 2 lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ pa ẹ̀ṣọ́ kọ̀ǹpútà yín, ẹ sá fún un.

Èmi kò tún ní ra géèmù fláàṣì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, ìbáà jẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, tàbí ní Sábọ̀ ní Ṣàgámù, tàbí lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgó-Ìwòyè. Bóyá olóòótọ́ wà láàárín wọn, n kò tíì rí i. Ọkùnrin yìí ṣì gbé àwòrán kan náà jáde láàárọ̀ yìí, ó ti sọ ọ́ di 20,000 náírà. Ẹni tó bá ti rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó má ṣe tijú, kí ó kàn sí mi, kí á jọ lọ gba owó wa.