Ẹ fẹ́ ra máíkírósíkóòpù fún sẹ́ẹ̀lì alààyè: èwo ni kí ẹ mú?

Kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á, ẹ bi olùtajà: ṣé sẹ́ẹ̀lì inú àwòrán ìpolówó yìí wà láàyè? Òkú sẹ́ẹ̀lì kò mọ̀ pé lésà, ìmọ́lẹ̀ líle tí ẹ̀rọ ń tàn sí i, ń jó òun. Alààyè mọ̀ ọ́n. Tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ jù, àwọ̀ GFP (purotéènì tó ń tàn, tí a fi ń sàmì sí inú sẹ́ẹ̀lì) á ṣá, sẹ́ẹ̀lì á sì máa kú lọ kí ẹ tó rí ohun tí ẹ wá wò.

Irú máíkírósíkóòpù kan ni confocal: lésà rẹ̀ máa ń rìn lórí sẹ́ẹ̀lì láti ojú kan dé òmíràn, bí ẹni ń fi tọ́ọ̀ṣì wá owó tó bọ́ sílẹ̀. Ihò bíńtín kan ń dí ìmọ́lẹ̀ tó bá wá láti òkè tàbí ìsàlẹ̀ ibi tí à ń wò, àwòrán á sì mọ́ kedere. Àmọ́ ó lọ́ra: àwòrán kan lè gbà tó ìṣẹ́jú àáyá kan, mólékù tí ẹ ń lé ti lọ.

Àwo oníhò wẹ́wẹ́ tó ń yí bíi fáànù ni irú kejì, spinning disk, ń lò. Ọ̀pọ̀ ojú ló ń tanná sí lẹ́ẹ̀kan náà, ó yára, ó sì rọ sẹ́ẹ̀lì lọ́rùn. Àbùkù rẹ̀ ni pé tí ohun tí ẹ ń wò bá nípọn, ìmọ́lẹ̀ á máa jò gba ihò ẹ̀gbẹ́ wọlé, àwòrán á wá ṣe bàìbàì. Níbẹ̀, confocal borí.

Irú kẹta, TIRF, kì í wò ju nǹkan bíi nánómítà 100 lọ sókè gíláàsì tí sẹ́ẹ̀lì wà lórí rẹ̀ (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mílímítà). Àárín sẹ́ẹ̀lì ò kàn án. Tó bá jẹ́ awọ sẹ́ẹ̀lì ni iṣẹ́ yín, ẹ rà á: ẹ̀yìn àwòrán dúdú, ẹ lè rí mólékù lọ́kọ̀ọ̀kan.

STED, irú kẹrin, ńkọ́? Stefan Hell, tó wà lára àwọn mẹ́ta tó gba Nobel 2014, ló fi kọjá ààlà nánómítà 200 tí a mọ̀ mọ́ Ernst Abbe, onímọ̀ físíìsì, láti 1873: ohun méjì tó bá sún mọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ á dà bí ẹyọ kan lójú máíkírósíkóòpù lásán. Ṣùgbọ́n lésà méjì ló ń lò, èkejì sì le púpọ̀. Èmi ò ní fi ṣe ẹ̀rọ àkọ́rà láé.

Owó ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́? Spinning disk ni kí ẹ mú, kí ẹ fi owó sílẹ̀ fún àpótí tó ń pa ìgbóná mọ́ sí 37°C pẹ̀lú CO₂ 5%, àti fún ínfátà tí iná yín bá ń ṣẹ́jú. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé sẹ́ẹ̀lì tiyín lọ fún ìdánwò. Ẹ ya fídíò wákàtí kan, kí ẹ padà wá lọ́jọ́ kejì wò ó bóyá àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ṣì ń pín sí méjì.