Ohun tí mo bá lábẹ́ ilé ìdáná G550 àlòkù tí a rà

Ọjọ́ kẹta àyẹ̀wò tí a ń ṣe kí a tó ra G550, bàálù aládàáni tí iléeṣẹ́ Gulfstream ṣe, ni wọ́n ṣí pákó ilẹ̀ ilé ìdáná bàálù náà. Mo kúnlẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Lẹ́búlẹ́bú funfun ló bo irin ibẹ̀, àfi bíi pé ẹnì kan da láfún sí i. Mo fi ìka kàn án, ó ń ya. Omi ló ti ń jò síbẹ̀ láti ọdún mélòó kan, tó ń jẹ irin náà díẹ̀díẹ̀, tí kò sẹ́ni tó wo abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta ni alágbàtà ẹni tó ń tà á ti sọ fún mi pé kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀.

Èmi ni mo ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù fún ọ̀gá mi. Èkó là ń gbé, òwò wọn wà ní London àti Houston. G550 lè fò tó kìlómítà 12,500 láìsọ̀kalẹ̀. Èkó sí Houston ò ju bíi 10,500 lọ. Gulfstream ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 2021, torí náà àlòkù nìkan ló kù fún ẹni tó bá ń wá a.

Mo pe alágbàtà náà lójú ẹsẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹwà lásán nìyẹn. Ẹwà! Ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ rèé: nínú ìwé àdéhùn wa, ohun tó bá kan ààbò bàálù lójú òfurufú, ẹni tó ń tà ni yóò san án, ohun tó bá jẹ́ ẹwà, tiwa ni. Ọ̀rọ̀ kan péré ló fẹ́ fi di gbogbo ẹrù náà lé wa lórí. Ó tún ní bí a ò bá fọwọ́ sí ìwé pé a gba bàálù títí ọjọ́ Ẹtì, òun ní oníbàárà míì. Àsansílẹ̀ wa wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá wa di owó mú ní Oklahoma City, a ò sì lè gbà á padà mọ́ bí a bá ti fọwọ́ sí i. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀.

Olórí àwọn mẹkáníìkì ibẹ̀, bàbá olórí ewú kan, ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n lọ gbé ìwé àtúnṣe bàálù náà wá, wọ́n ṣí i síbi tí wọ́n kọ ìwọ̀n tí irin yẹn gbọ́dọ̀ nípọn dé. Wọ́n wọ̀n ọ́n níbi mẹ́rin níṣojú mi, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ibi méjì ti fẹ́lẹ́ ju ààlà lọ. Wọ́n kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ ààbò ni, wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà bá wọn sọ ọ́, mà.” Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń fà mí dìde, ojú ń tì wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni àtúnṣe gbà, ẹni tó tà á ló sì san gbogbo rẹ̀. Lóòótọ́, bàálù náà dára. Wọ́n fi kámẹ́rà wo inú ẹ́ńjìnnì Rolls-Royce méjèèjì, wọ́n mọ́. Ìwé rẹ̀ pé pérépéré láti ọjọ́ tó ti kúrò ní Savannah tí wọ́n ti ṣe é, èyí tí owó ńlá so mọ́, torí bàálù tí ìwé rẹ̀ bá sọnù kì í rí ẹni rà á lówó gidi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbé e láti Ìkẹjà lọ sí Houston, mo sùn fọnfọn. Ẹsẹ̀ mi tó máa ń wú nínú bàálù ńlá ò wú rárá. Ọ̀gá mi ń rìn ká bí ẹni wà ní pálọ̀ wọn.

Àmọ́ lọ́jọ́ tí a parí owó sísan, alágbàtà yẹn kọ̀wé sí ọ̀gá mi pé òun lòun rí i dájú pé wọ́n tún ilẹ̀ náà ṣe.

Máàkì mi fún rírà bàálù yìí: 4 nínú 10. Ọ̀gá mi ní 9 ló yẹ kí n fún un. Fọ́tò lẹ́búlẹ́bú yẹn ṣì wà lórí fóònù mi.