Wajawaja etí ìpèlé mi: àyẹ̀wò iṣẹ́ ahunṣọ kan ní Ìṣẹ́yìn

Nígbà tí mo sọ fún alágbàtà tí ó bá mi gbé iṣẹ́ yìí lọ sí Ìṣẹ́yìn pé wajawaja ni mo fẹ́ sí etí ìpèlé mi méjèèjì, ó bi mí bóyá fíríǹjì ni mo ń wí. Ahunṣọ náà, ẹni tí ó ti dàgbà, kò bi mí ní irú ìyẹn. Ohun tí ó sọ kò ju pé, “Ṣé ẹ fẹ́ kí n lọ́ ọ ni, àbí kí n kàn ta á ní kókó?”

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nínú èdè wa. Ó wà nínú Bíbélì, ìwé Nọ́ḿbà orí 15, ẹsẹ 38, níbi tí Olúwa ti ní kí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ṣe wajawaja sí etí aṣọ wọn. Lójú tèmi, bí nǹkan náà ṣe ń fì ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn kan ń pè é ní ìṣẹ́tí, ṣùgbọ́n inú ṣíṣẹ́ etí aṣọ ni ìṣẹ́tí ti wá, èyíinì ni pé a ṣẹ́ etí náà kò, a sì rán an mọ́lẹ̀ kí ó má baà tú. Wajawaja ní tirẹ̀ jẹ́ òwú òró, ìyẹn òwú tí a ta lóòró sórí òfì, tí a kò hun, tí ó ṣẹ́kù ní ìpẹ̀kun aṣọ nígbà tí a gé e kúrò lórí òfì. (Àwọn Ìjẹ̀bú tún ní ṣàkì lára ìtagbè, aṣọ èjìká àwọn Ògbóni; òwú tí ó yọ gọnbu sójú aṣọ ni ṣàkì, ẹni tí ó bá ti fọ ṣàkì màlúù rí kò ní béèrè ìdí orúkọ náà.)

Etí ọ̀tún ìpèlé mi dára púpọ̀: òwú mẹ́jọ-mẹ́jọ ni ó lọ́ pọ̀, ó gùn tó ìka àárín, kókó kọ̀ọ̀kan sì wọ aṣọ lára pẹ́kípẹ́kí. Ní apá òsì, ó jọ pé ìkánjú wọ̀ ọ́, nítorí kókó jìnnà sí ara aṣọ. Níbi ìgbéyàwó tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ, kí ilẹ̀ tó ṣú, òwú ìbú mẹ́ta, àwọn tí a hun gba àárín òwú òró kọjá, ti yọ̀ wá sísàlẹ̀, abẹ́rẹ́ ni mo sì fi dá wọn padà nílé.

N ó tún gbé iṣẹ́ fún un, nítorí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n n kò ní san owó tí ó bá kù títí n ó fi fọwọ́ tọ́ gbogbo kókó wò, etí kan dé èkejì.