Jíju boccia lórí kẹ̀kẹ́: ká jù ú síbi kan náà, àbí ká máa yí ibi padà?

Boccia ni eré ìdárayá tí eléré ti ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, tó ń ju bọ́ọ̀lù kó lè sún mọ́ bọ́ọ̀lù funfun tó jẹ́ àmì. Pápá rẹ̀ gùn ní mítà 12.5, bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì wọn nǹkan bíi gíráàmù 275.

Ọ̀nà kìíní ni kí bọ́ọ̀lù funfun dúró sójú kan, ká ní mítà 5, kí eléré ju bọ́ọ̀lù mẹ́fà sí i, ní ìpele márùn-ún. Ó dára fún ẹni tí kò tíì mọ ìgbà tó yẹ kó tú ọwọ́ sílẹ̀. Àmọ́ ó máa ń tanni jẹ: tó bá ti jù ú lẹ́ẹ̀mẹta, kò wọn ọ̀nà mọ́, èyí tó jù kẹ́yìn ló kàn ń tún ṣe. Gbé bọ́ọ̀lù funfun lọ sí mítà 8, gbogbo rẹ̀ á dàrú.

Ọ̀nà kejì ni kí bọ́ọ̀lù funfun máa yí ibi padà lẹ́yìn ìjù kọ̀ọ̀kan: mítà 4, 8, 6, 9. Àṣìṣe á kọ́kọ́ pọ̀, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Òun ló jọ ìdíje jù, òun la sì fara mọ́ ní kété tí ọwọ́ bá ti dúró. Fún ẹni tí iṣan rẹ̀ máa ń le gan-an, ẹ má to ìjù ọ̀nà jíjìn tẹ̀ léra. Bó bá ti ń fipá jù ú, ara á gan, bọ́ọ̀lù á sì yà.

Tí bọ́ọ̀lù bá ń yà sí òsì ṣáá, ẹ kọ́kọ́ wo ìjókòó kẹ́ ẹ tó dá ọwọ́ lẹ́bi: ṣé ìdí kan ẹ̀yìn àga, ṣé bẹ́líìtì le, ṣé bíréékì kẹ̀kẹ́ dì í mú?