Ẹ̀yin tó fẹ́ ra ọmọ ajá, ẹ ṣọ́ra fún abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń bo ara yíyún mọ́lẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra Lhasa, Rottweiler tàbí Alsatian. Àwọn kan wà lára àwọn tó ń ta ajá létí títì àti lórí WhatsApp tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà. Wọ́n á kọ́kọ́ ta ajá tí ara ń yún fún yín bíi pé kò sóhun tó ṣe é. Tó bá yá, wọ́n á tún ta oògùn ara yíyún náà fún yín.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ajá tó bá ń họra kì í tà. Nítorí náà, kí oníbàárà tó dé, wọ́n á ti gún un ní abẹ́rẹ́ sitẹ́rọ́ọ̀dì, irú bíi dexamethasone. Oògùn gidi ni o, àwọn dókítà ẹranko náà ń lò ó nígbà tó bá yẹ. Ṣùgbọ́n kì í wo ohun tó ń fa yíyún, ó kàn ń pa yíyún náà lẹ́nu mọ́ ni. Kòkòrò tó ń jẹ awọ ara ajá ṣì wà níbẹ̀, ó tiẹ̀ tún ráyè sí i, torí pé sitẹ́rọ́ọ̀dì máa ń dín agbára tí ara fi ń bá àìsàn jà kù. Bí oògùn bá ti tán lára rẹ̀ báyìí, ó di dandan kí yíyún padà dé, nígbà míì á sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Èyí tó ń bí mi nínú jù níbẹ̀ ni pé oògùn yìí kan náà ló ń mú kí ajá máa jẹun ṣáá, kó máa mumi, kó sì máa tọ̀ lemọ́lemọ́. Ẹni tó ń tà á á wá fìyẹn polówó: “Mọ́mì, ẹ wo bó ṣe ń jẹun, ara ẹ̀ le dáadáa!” Ẹ tún wá rò pé ẹ ti rí ajá tó ní ìlera.

Ó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi obìnrin n'Ìbàdàn níbí. Lhasa funfun ni, wọ́n ti fi ọṣẹ olóòórùn dídùn wẹ̀ ẹ́, wọ́n sì so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lórí. Kò tó oṣù kan tí ajá bẹ̀rẹ̀ sí í họ etí títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde. Èépá gba bèbè etí méjèèjì, ó dé ìgúnpá. Nígbà tó ṣe, nǹkan pupa wẹẹrẹ sú sí àbúrò mi náà lápá, níbi tó máa ń gbé ajá lé. Ó pe ẹni tó tà á fún un. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ìyẹn fi ní: “Àǹtí, ìrẹsì tẹ́ ẹ̀ ń fún un ni. Ẹ jẹ́ kí n wá gún un ní abẹ́rẹ́ mange, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré.” Ó dé lóòótọ́, pẹ̀lú síríńjì tó ti fa oògùn sínú rẹ̀ láti ilé, tó wé sínú náílọ́ọ̀nù dúdú. Kò sí ìgò, kò sí páálí. Wọ́n ní kí ló ń jẹ́, ó ní “oògùn òyìnbó ni.” Àbúrò mi ní kó máa gbé e lọ. Láti ọjọ́ náà ni kò ti gbé ìpè rẹ̀ mọ́.

Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn ni wọ́n gbé ajá náà lọ. Dókítà kán òróró díẹ̀ sí abẹ, ó fi ha awọ etí rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi fẹ́ yọ, ó wá lọ wò ó lábẹ́ maikirosikópù. Kúrúnà ajá, tí wọ́n ń pè ní mange, ni. Ìyẹn ló sì ràn mọ́ àbúrò mi. Nígbà tí wọ́n tọ́jú ajá, tiẹ̀ náà wábi gbà.

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ nípa abẹ́rẹ́ mange yẹn díẹ̀, torí ó ti pa ajá. Ohun tó sábà máa ń wà nínú rẹ̀ ni ivermectin tí wọ́n ṣe fún màlúù, èyí tí mílílítà kan rẹ̀ ní mílígíráàmù 10 nínú. Ohun tí dókítà máa ń lò fún kúrúnà jẹ́ nǹkan bíi mílígíráàmù 0.2 sí 0.4 fún kílò kan. Ọmọ ajá tó wúwo tó kílò 4 kò nílò tó ìdá kan nínú márùn-ún mílílítà kan. Àwọn wọ̀nyí á sì fa odidi mílílítà kan, wọ́n á tì í sí i lára! Collie àti àwọn ẹ̀yà kan tó jọ ọ́ tiẹ̀ burú sí i, torí pé nínú wọn, oògùn yìí tètè ń wọ ọpọlọ. Bí ajá yín bá ń dá itọ́, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tójú rẹ̀ là kalẹ̀ tí kò sì ríran mọ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Oògùn kan tó máa pa á rẹ́ kò sí. Ìtọ́jú ni wọ́n á máa fún un títí yóò fi kúrò lára rẹ̀.

Àwọn tó ń ta “òróró ajá” nínú ike náà ò yàtọ̀. Ọ́ìlì ọkọ̀ tó ti jóná ló wà nínú òmíràn, ọ̀tápíàpíà ló wà nínú òmíràn. Ajá á lá a, á sì gbé e mì. Ẹ má fi kàn án rárá. Oògùn eégbọn tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń tà láìsí páálí náà, ẹ yẹra fún un. Páálí gidi máa ń kọ ìwọ̀n kílò ajá tó wà fún àti nọ́ńbà NAFDAC.

Bí ẹ bá lọ wo ajá tẹ́ ẹ fẹ́ rà, ẹ fi ìka méjì mú bèbè etí rẹ̀, kẹ́ ẹ rọra fi ọwọ́ ra á. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń gbọ̀n bíi pé ó fẹ́ họra, kúrúnà lẹ kọ́kọ́ máa fura sí. Ẹ tún tẹ́ bébà funfun tútù sábẹ́ ìdí rẹ̀, kẹ́ ẹ fi kóòmù eléyín wẹ́wẹ́ ya irun ìdí ìrù. Bí ohun dúdú bíi iyanrìn bá bọ́ sílẹ̀, tó sì di pupa lórí bébà, ìgbẹ́ àwọn kòkòrò tó ń fò nínú irun rẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ ajá ló wà nínú ẹ̀. Ẹ wo àárín ìka ẹsẹ̀ àti inú etí fún eégbọn. Bí irun bá já róbótó tí ìpẹ́pẹ́ yí i ká, ó lè jẹ́ làpálàpá, òun náà máa ń ran ènìyàn.

Oúnjẹ lè fà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ fún yín lórí fóònù pé ìrẹsì ni, irọ́ ló ń pa. Bí dókítà bá fẹ́ mọ̀ bóyá oúnjẹ ni, á fi oúnjẹ kan ṣoṣo tí ajá náà kò jẹ rí dán an wò fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8, láìsí ègé ẹran látinú abọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ẹ tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́, rìsíìtì àti fọ́tò ajá lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbà á. Ẹ sọ fún dókítà pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gún un ní sitẹ́rọ́ọ̀dì, torí ìyẹn lè yí ohun tó máa rí lára rẹ̀ padà. Ẹni tó wà l'Ékòó lè fẹjọ́ sùn ní LASCOPA, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń dáàbò bo oníbàárà, ẹni tó wà níbòmíì, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá pe ara rẹ̀ ní dókítà ajá, ẹ bi í ní nọ́ńbà tí Veterinary Council of Nigeria fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó yọ abẹ́rẹ́ jáde.