Káàdì ìtàn Yorùbá yìí dáa, ẹ kàn mú bírò dání

Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí tí mo ra páálí káàdì ìtàn Yorùbá kan lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà lórí WhatsApp, ₦8,500 ni, owó ọkọ̀ wá sí Ìbàdàn ò sí níbẹ̀ o. Mi ò fẹ́ tètè sọ nǹkan kan, mo ní káwọn ọmọ ta á dáadáa ná.

Káàdì ogójì ló wà níbẹ̀, àwòrán lójú kan, ọdún àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn. Wọ́n á pín in márùn-ún márùn-ún bíi wọ́ọ̀tì, wọ́n á ṣí ẹyọ kan sílẹ̀, tó bá wá kan ẹ wàá fi tìẹ síwájú ẹ̀ tàbí sẹ́yìn ẹ̀, bó o bá ṣe rò pé wọ́n tẹ̀ léra wọn sí, wọ́n á wá yí i padà wo ọdún ẹ̀. Tó o bá ṣì í, wàá mú òmíì. Ẹni tí tiẹ̀ bá kọ́kọ́ tán ló jẹ.

Ibi tí mo ti fẹ́ràn ẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọmọ ọdún méje ò mọ nǹkan tó fẹ́ fi 1877 ṣe, ṣùgbọ́n ta lẹ̀gbọ́n ta làbúrò, ìyẹn yé e látìgbà tó ti ń sọ̀rọ̀. Ó ti di pé wọ́n ń sọ nínú ilé wa pé Abẹ́òkúta lẹ̀gbọ́n Kíríjì, ogun Ìbàdàn pẹ̀lú Èkìtìparapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, torí 1830 làwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n jiyàn lórí Efúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, àbúrò ní ó bá ogun Kíríjì, ẹ̀gbọ́n ní kò bá a, wọ́n yí i padà, 1874 ló kú! Ni mo bá jókòó tì wọ́n, mo ṣàlàyé pé Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà yẹn, tó wà nídìí ikú ẹ̀ náà ló kó Ìbàdàn lọ Kíríjì, òun náà dẹ̀ kú ní 1885 kógun ọ̀hún tó parí. Wọn ò jẹ́ n lọ sùn.

Àmọ́ ẹ̀dùn ọkàn mi rèé. Kò sí àmì ohùn lórí káàdì kankan! Ọmọ mi ka "Ogun Owu", ó ní "Mọ́mì, ta ló ń jowú ta?" Òwu ni, ìlú ni! Èèyàn á ṣe káàdì Yorùbá fọ́mọdé, kò wá ní fàmì sí i, báwo lọmọ tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ṣe fẹ́ mọ̀? Mo fọwọ́ ara mi fi bírò fàmì sí gbogbo ẹ̀, odidi ọ̀sán Sátidé ló gbà.

Èyí tó tún dùn mí jù ni ti Ajayi Crowther. Ọmọ mi obìnrin fi ọjọ́ tó di bíṣọ́ọ̀bù sẹ́yìn Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́, ti 1859, ó sì gbà á, torí 1864 ni. Káàdì ní 1846. Wọ́n ní kó mú òmíì, ló bá bú sẹ́kún. Mo pe ẹni tó tà á, ó bẹ̀ mí, ó ní àwọn á tún un ṣe tí wọ́n bá tún tẹ òmíì, ó kàn jẹ́ pé ọdún leré yìí dúró lé lórí, kò yẹ kí wọ́n ṣì í.

Mọ́remí ò ní ọdún, "láyé àtijọ́" ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìyẹn dáa, wọn ò pa irọ́ ọdún fọ́mọ.

Nígbà tí màmá ọkọ mi wá kí wa láti Abẹ́òkúta, káàdì Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ló kọ́kọ́ mú. Ó ní ìyá òun wà lára àwọn obìnrin ọjà tó lọ jókòó síwájú ààfin torí owó orí, kò pẹ́ ni Aláké Adémọ́lá fi oyè sílẹ̀, January 1949. Àbúrò wá bi í pé, "Màmá, ṣé ẹ̀gbọ́n yín ni káàdì yìí àbí àbúrò yín?" Màmá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni, 1950 ni wọ́n bí mi."

Wọ́n gé páálí kọnfúléèsì, wọ́n ya Màmá pẹ̀lú gèlè ẹ̀, wọ́n kọ 1950 sẹ́yìn. Káàdì mọ́kànlélógójì la ní báyìí.